Mo To Ìpàtẹ Òyìnbó Bí Ọjà Tápà

Iṣẹ́ tí mo ṣe jù lọ nílùú òyìnbó, títo tábìlì ni. Mo lè sọ ọ́ kó dùn létí jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo sì ti sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ rí fún àwọn ará Ìdèrè, ìlú mi, tó ń béèrè, ṣùgbọ́n títo tábìlì náà ni. Gbọ̀ngàn ńlá kan wà ní Máńṣẹ́sítà tí àwọn òyìnbó kan ti máa ń pàdé, àwọn tó jẹ́ pé kíkó nǹkan jọ ni fàájì wọn. Ẹnìkan á kó sítáǹbù tí wọ́n ti lẹ̀ mọ́ lẹ́tà rí jọ, ẹlòmíràn á kó páálí ìṣáná tí kò ní ìṣáná nínú, ẹlòmíràn ọmọláńgidi, ẹlòmíràn rélùwéè kékeré tó ń sáré yípo lórí tábìlì. Wọn á ti ìlú káàkiri wá, wọn á pàtẹ, èrò á wá wò, wọn á rà, wọn á ṣe pàṣípààrọ̀. Ẹni tó ń ṣètò rẹ̀ ni mo ń bá ṣiṣẹ́.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, mo rò pé wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Àgbàlagbà onírùngbọ̀n funfun jókòó ti páálí ìṣáná, ó ń fi aṣọ nù ún bí ẹni nu ojú ọmọ tuntun. Irú páálí bẹ́ẹ̀ ni Màámi fi ń kóná nílé. Mo rẹ́rìn-ín títí, n kò sì rí ẹni bá mi rẹ́rìn-ín. Ìyẹn wà lára ohun tó máa ń dun ènìyàn lájò, kí ohun apanilẹ́rìn-ín ṣẹlẹ̀, kó má sì sí ẹni tí ẹ ó jọ wo ara yín lójú.

Ní Igbó-Ọrà, tíṣà ni mí. Orúkọ náà lẹ̀ mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ tí Bàámi pàápàá ń pè mí ní Tíṣà nínú ilé. Mo wá sílùú òyìnbó kí n lè kàwé kún ìwé, ìwé náà kò sì tètè rí kà. Ilé iṣẹ́ búrẹ́dì ni mo ti bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ òru, mò ń ha èyí tó jóná kúrò lára agolo tí wọ́n fi ń yan búrẹ́dì. Ìgbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi bá ń lọ sí kíláàsì ni èmi máa ń sùn. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́ ránṣẹ́ sílé. N kò purọ́, ṣùgbọ́n mo máa ń kọ̀wé púpọ̀ nípa yìnyín.

Òkè pátápátá ni yàrá mi wà nínú ilé tí mò ń gbé. Ẹni tí mo bá pàdé lórí àtẹ̀gùn lówùúrọ̀, bí mo bá kí i, á wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ni mò ń kí. Ní Ìdèrè, kí ènìyàn tó ti ilé dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ti béèrè ìyá rẹ̀, wọ́n ti béèrè oko rẹ̀, wọ́n ti béèrè ẹsẹ̀ tó ń dùn ún láti ìjẹta. Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó rí i ọ̀hún, ta ni yóò sọ ọ́ fún? Ó tó ìgbà kan tí mò ń kí ìkòkò ọbẹ̀ mi pé ó kú iṣẹ́. Ọbẹ̀ náà kì í sì í ṣe ìlasa, nítorí ibo ni ènìyàn ti fẹ́ já ewé ilá ní Máńṣẹ́sítà.

Nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì tí mò ń lọ ni mo ti pàdé Místà Hólìsì. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, orúnkún ń dùn ún, ó ń wá ẹni tí yóò bá a gbé tábìlì. Mo gbé e. Ó tún ránṣẹ́ pè mí. Kò pẹ́ tí mo fi ń bá a lọ sí gbọ̀ngàn ńlá ọ̀hún ní gbogbo ìgbà tó bá ní ìpàtẹ. Èmi ni mò ń gbé tábìlì, tí mò ń tẹ́ aṣọ lé e, tí mò ń lẹ orúkọ oníǹkan mọ́ ọn létí. Òun nìkan ló máa ń sọ ibi tí oníkálukú yóò jókòó.

Lọ́jọ́ kan tí ìpàtẹ tú, ó jókòó sórí tábìlì, ó ń fọwọ́ ra orúnkún rẹ̀. Ó ní, "Èyí tó ń bọ̀ yìí, ìwọ ni kí o tò ó. Ọlọ́jọ́ méjì ni, òun ló tóbi jù nínú ọdún. O ti wò mí tó, lo òye rẹ. Bí ó bá lọ dáadáa, fi iṣẹ́ búrẹ́dì yẹn sílẹ̀, kí o wá máa bá mi ṣe é lójoojúmọ́."

Bí mo bá bọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́ òru, kíláàsì ìrọ̀lẹ́ di ṣíṣe nìyẹn. Ohun tí mo sọ fún àwọn ará ilé pé mo wá ṣe yóò wá di òótọ́. Gbogbo rẹ̀ wá so rọ̀ mọ́ bí mo bá ṣe to tábìlì.

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó jẹ́ akọ̀wé ìjọba ní Ìbàdàn ní tẹlifóònù nílé rẹ̀. Ibẹ̀ ni Bàámi àti Màámi máa ń wá bá mi sọ̀rọ̀ bí a bá ti fi lẹ́tà dá ọjọ́. Wọn á wọkọ̀ láti Ìdèrè dé Igbó-Ọrà, wọn á gba Ẹrúwà já sí Ìbàdàn, nítorí ọ̀rọ̀ tí kì í pẹ́ tí wáyà fi ń já. Ní bí oṣù kan ṣáájú ìpàtẹ náà, mo sọ fún Bàámi.

"Wọ́n ti fi ọjà kan sí ìkáwọ́ mi, sà."

"Ọjà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Èmi ni n ó sọ ibi tí oníkálukú máa jókòó sí."

"Àwọn òyìnbó?"

"Òyìnbó ni gbogbo wọn, sà."

Mo gbọ́ tí Bàámi yíjú sí Màámi, tí ó ní, "Wọ́n ti fi Tíṣà jẹ Parakòyí ọjà lọ́hùn-ún." Màámi gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, má jẹ́ kí wọ́n jà sí ìsọ̀ o. Ìjà ìsọ̀ kì í tán bọ̀rọ̀."

Bàbá Ìjọ ni Bàámi ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, ó dìde láàárín ìjọ, ó dúpẹ́ lórí mi. Ìdèrè kò tóbi. Màámi ní kí òun tó dé ọjà ìlú Tápà, ọ̀rọ̀ náà ti dé ibẹ̀ dè òun, àwọn ẹlẹgbẹ́ òun sì ti ń pe òun ní Ìyá Parakòyí.

Ọjọ́ Ẹtì ni mo to tábìlì náà, èmi nìkan nínú gbọ̀ngàn. Mo wo orúkọ àwọn tó ń bọ̀ àti ohun tí wọ́n fẹ́ pàtẹ, mo bi ara mi pé báwo ni Màámi ì bá ṣe ṣe é. Ẹ̀yìn Màámi ni mo ti mọ ọjà. Ẹ̀gúsí ló ń tà, ó ń ná Tápà, ó ń ná Igbó-Ọrà. Ta ni kò sì mọ bí ọjà ṣe ń jókòó? Ẹlẹ́gùúsí ń bẹ lọ́dọ̀ ẹlẹ́gùúsí, aláta lọ́dọ̀ aláta, àwọn oníṣu Ìgangan wà níbi tí òkìtì iṣu wọn ti fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn. Ẹni tó wá ra ẹ̀gúsí kò ní máa rìn kiri bí aṣínwín, ó mọ ibi tó ń lọ. Ẹni tó fẹ́ lọ jẹun á ní kí ará ẹ̀gbẹ́ òun bá òun wo ọjà. Ẹni tí kò ní ṣéńjì á yá lọ́wọ́ ẹnìkejì. Bí obìnrin kan bá wá gbé ẹ̀gúsí tirẹ̀, tó lọ dá jókòó sáàárín àwọn elépo, wọn á ní kí ló ń fi pamọ́, àfàìmọ̀ kí iyanrìn má wà nínú rẹ̀.

Mo rántí pé ńṣe ni Místà Hólìsì máa ń tú wọn ká, onísítáǹbù kan níhìn-ín, òmíràn lọ́hùn-ún lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ó ti pẹ́ tí mo ti rò ó pé kò mọ̀ ọ́n ṣe ni. Mo tiẹ̀ ń ṣàánú rẹ̀. Mo kó gbogbo onísítáǹbù sí ìlà kan, àwọn tó ń kó owó àtijọ́ jọ sí ìlà kejì, ọlọ́mọláńgidi ti ọlọ́mọláńgidi, onírélùwéè ti onírélùwéè. Nígbà tí mo parí, mo gun orí àga kí n lè wò ó láti òkè. Ó wù mí wò. Inú mi dùn débi pé mo kọ orin ìdúpẹ́ nínú gbọ̀ngàn òfìfo náà, ohùn mi sì ń dún padà.

Láàárọ̀ Sátidé, bàbá kan ló kọ́kọ́ dé. Ó wọ kóòtù dúdú, àpótí rẹ̀ pọ̀, òun ni gbogbo onísítáǹbù yòókù máa ń dúró kí. Nínú ọkàn mi, Bàbá Onísítáǹbù ni mò ń pè é. Ó ka orúkọ tó wà lára tábìlì apá ọ̀tún rẹ̀, ó ka ti apá òsì. Ó bi mí pé ta ló tò ó báyìí. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo ní èmi ni, nítorí mo rò pé ó fẹ́ yìn mí. Ó ní òun kò ní tú àpótí òun.

Àwọn yòókù ń dé, ojú wọn sì ń le bí wọ́n ti ń dé. Kò sí ẹni tó pariwo. Òyìnbó kì í pariwo bí inú bá ń bí i dénú. Ìgbà náà ni mo wá mọ̀ pé Místà Hólìsì ti bá oníkálukú ṣe àdéhùn pé ẹni tó ń pàtẹ irú nǹkan tirẹ̀ kò ní sún mọ́ ọn. Bàbá tó ti ń kó sítáǹbù jọ láti kékeré kò fẹ́ kí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó tì í kó máa yọjú wo iye tí òun pè é. Obìnrin kan tó kó ọmọláńgidi wá fi aṣọ bo gbogbo wọn lójú, ó ní ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun ti ń wò wọ́n jù.

Nígbà tí Místà Hólìsì wọlé, ó dúró, ó wo gbọ̀ngàn yíká. Èrò ti tò síta, wọ́n ń dúró kí ilẹ̀kùn ṣí. Ó mú makirofóònù. Ó ní kí wọ́n má bínú, pé ọ̀rẹ́ òun láti Áfíríkà ló to tábìlì, bóyá bí wọ́n ṣe ń tò ó nínú igbó lọ́hùn-ún nìyẹn. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Mo rí i pé ẹ̀rín náà tù wọ́n nínú. Èmi dúró sáàárín wọn, ojú gbà mí tì. Èmi tí mo ti dúró níwájú ọmọ ilé ìwé àti òbí wọn, tí mo ti bá ọmọ wí, tí mo ti gba ọmọ nímọ̀ràn, n kò mọ ibi tí mo lè fi ojú sí. Ó yẹ kí n bínú sí ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n ìtìjú kò jẹ́ kí ìbínú ráyè.

A bẹ̀rẹ̀ sí í gbé tábìlì kiri. Àwọn tó fẹ́ pàtẹ ń gbé ẹrù wọn fúnra wọn, àtọmọdé àtàgbà. Bàbá Onísítáǹbù gbé àpótí kan kọjá níwájú mi, ó ń mí hẹlẹ. Mo na ọwọ́ láti gbà á, kò gbé e fún mi. Ẹ̀rín wọn kò dùn mí tó ìyẹn. Kí ẹni tó tó bí mi lọ́mọ máa ru ẹrù lójú mi, kí n sì fọwọ́ lẹ́rán, ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún ní Ìdèrè?

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà kan náà ni a ti dá pé kí n bá wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n ti dúró tì tẹlifóònù ní Ìbàdàn láti ọ̀sán.

"Parakòyí," Bàámi wí, "ṣé ọjà ti tú?"

"Ó ti tú, sà. Ó dára."

Màámi gba fóònù. "Ohùn rẹ kọ́ nìyẹn. Kí ló dé?"

Mo sọ fún un.

"Àbí ẹgbẹ́ ẹlẹ́gbẹ́ lo kó wọn sí?"

"Rárá, mà. Ẹgbẹ́ wọn náà ni."

"Kí ló wá ń bí wọn nínú?"

"N ò lè ṣàlàyé ẹ̀, mà."

"Ó dáa. Àṣìṣe ò kan ọgbọ́n. Bàbá ẹ rèé."

Bàámi bi mí bóyá àgbà wà nínú àwọn tí mo ṣẹ̀. Mo ní ọ̀kan wà níbẹ̀ tó jù wọ́n lọ lọ́jọ́ orí, pé ó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ẹrù nítorí mi.

"Ṣé o ti bẹ̀ ẹ́?"

"Mo ní kó má bínú, sà."

"Lórí ìdúró?"

"Lórí ìdúró ni, sà."

"Tíṣà, ẹnu lásán kọ́ la fi ń bẹ àgbà. Lọ bá a lọ́la, kí o bẹ̀ ẹ́ bí ọmọ tí wọ́n bí. Kò sí àgbà tí í rí àyà ọmọ nílẹ̀ tí ò ní dárí jì í."

Wáyà já síbẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yẹn, àwọn ohun tí n kò mọ̀ ni wọ́n ń bi mí. Èyí tí Bàámi ní kí n ṣe yìí, mo mọ̀ ọ́n ṣe, mo ti ń ṣe é kí n tó mọ̀wé kọ.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo wọ kóòtù tí mo fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Èrò ti kún gbọ̀ngàn. Bàbá Onísítáǹbù wà nídìí tábìlì rẹ̀, ó gbé awò lé sítáǹbù kan. Mo dé iwájú rẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà mi kan ilẹ̀, mo ní kí ó jọ̀ọ́, kí ó foríjì mí. Mo ń retí ìdáhùn àgbà. Igbe obìnrin ni mo gbọ́.

Ẹnìkan ní kí wọ́n pe dókítà. Bàtà yí mi ká. Obìnrin ọlọ́mọláńgidi kúnlẹ̀ tì mí, ó ń tú táì mi, ó ń bi mí bóyá wárápá ti ń ṣe mí tipẹ́. Wọ́n yí mi síhìn-ín, wọ́n yí mi sọ́hùn-ún. Mo ní kò sí ohun tó ṣe mí. Mo ní ẹ̀bẹ̀ ni mò ń bẹ bàbá náà, pé bí a ti ń bẹ àgbà nílé wa nìyẹn.

Wọ́n gbójú kúrò lára mi bí ẹni tó ṣèèṣì já wọ ilé ìwẹ̀ bá ẹlòmíràn. Ojú Bàbá Onísítáǹbù pọ́n títí dé etí. Ó ń sọ pé kò sí nǹkan, kò sí nǹkan, ó sì ń wo ẹ̀yìn bóyá àyè wà tó lè gbà lọ. Láìpẹ́ ó pa àpótí rẹ̀ dé, ó gba ilé lọ nígbà tí ọjà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná. Ní Sátidé, àìmọ̀kan mi ni wọ́n fi rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ohun tó dára jù lọ tí wọ́n fi kọ́ mi nílé ni mo gbé jáde, òun ló sì dẹ́rù bà wọ́n. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ìtìjú ní ìpele.

Nígbà tí èrò túká, Místà Hólìsì pè mí. Mo ti ń múra ọkàn sílẹ̀ láti padà sídìí agolo búrẹ́dì.

Ó ní, "Ọ̀rọ̀ tábìlì, ẹnikẹ́ni lè ṣì í tò. Àwọn èrò wá, wọ́n sì rajà. Ṣùgbọ́n má dùbúlẹ̀ fún ènìyàn mọ́ nínú gbọ̀ngàn yìí. Níbí, bí ènìyàn bá dùbúlẹ̀, a ò mọ ohun tí a ó fi ṣe."

Ó wá ní kí n dìde dúró, kí òun kọ́ mi. Ó ní kí n dúró ṣánṣán, kí n wo ojú òun, kí n na ọwọ́, kí n di ọwọ́ òun mú dáadáa, kí n sọ pé kó má bínú lẹ́ẹ̀kan, kó tán. Ojú àgbà ni ó ní kí n máa wò bẹ́ẹ̀. Mo ṣe é. Ó ní ẹ̀yìn mi ṣì ń tẹ̀. A tún un ṣe. Láàárín àwọn àga tí a ti kó lé ara wọn, a ń bọ ara wa lọ́wọ́ títí ẹ̀yìn mi fi gbọ́ràn.

Ó gbà mí síṣẹ́. Mo fi ilé iṣẹ́ búrẹ́dì sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ kíláàsì ìrọ̀lẹ́. Nínú ìpàtẹ tó tẹ̀lé e, mo tú wọn ká, kò sí onísítáǹbù tó lè rí tábìlì onísítáǹbù ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo lọ bá Bàbá Onísítáǹbù, mo dúró ṣánṣán, mo wò ó lójú, mo na ọwọ́. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó gbọ̀n ọ́n, a sì di ọ̀rẹ́ láti ọjọ́ náà. Mo kọ̀wé sílé pé mo ti bẹ bàbá náà, ó sì ti dárí jì mí. Bàámi dáhùn pé òun ti mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí.

Ọdún ń gorí ọdún. Mo di ẹni tí àwọn òyìnbó ń wá wò bó ti ń ṣètò gbọ̀ngàn. Bí àgbà kan bá wọlé, ọwọ́ mi á ti ṣáájú mi lọ bá a. N kò tún rò ó mọ́. Èrò mi ni pé ọkàn ènìyàn ló máa ń kọ́kọ́ di ọmọ ìlú tó bá pẹ́ sí. Mo ṣì í. Ọkàn mi wà ní Ìdèrè ní gbogbo ìgbà yẹn, ó ń jẹ ìlasa, ó ń gbọ́ agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Ara mi ló lọ.

Ó tó ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ní kí ọkọ̀ máa gba apá ọ̀tún títì nílé kí n tó rí àyè wá kí wọn. Ọ̀sán ni ọkọ̀ já mi sílẹ̀ ní Ìdèrè. Ojúde wa kún. Àwọn ará ìjọ wà níbẹ̀, àwọn ẹlẹ́gùúsí ẹgbẹ́ Màámi ti Tápà wá, gbogbo wọn fẹ́ rí Parakòyí. Bàámi jókòó lábẹ́ igi ọ̀dán, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé àpótí nítorí sobìyà ń yọ ọ́ lẹ́nu. Bí ó ti rí mi, ó fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ dìde. Wọ́n ní kó jókòó, kò gbọ́. Ó fẹ́ gbà mí lórí ìdúró.

Mo rìn lọ bá a. Mo dúró ṣánṣán níwájú rẹ̀, mo wò ó lójú, mo na ọwọ́.

Ẹnu Bàámi ti ṣáájú ojú rẹ̀. Ó ti bẹ̀rẹ̀, ó ti ń wúre, ọwọ́ rẹ̀ ti lọ sísàlẹ̀ síbi tó yẹ kí ẹ̀yìn mi wà. "Dìde, ọmọ mi, dìde. Wà á gbó, wà á tọ́." Ọwọ́ rẹ̀ ń wá mi nílẹ̀.

Ìgbà náà ni mo tó mọ ohun tí mo ṣe. Mo fẹ́ wólẹ̀, ṣùgbọ́n Bàámi ti rí ọwọ́ tí mo nà. Ó wò ó. Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ fún Màámi. Ó na ọwọ́ ọ̀tún tirẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì di ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ mú, bí ó ti máa ń ṣe láyé ìjọ́sí tí òyìnbó ajẹ́lẹ̀ bá wá sí Ìdèrè. Ó tẹríba díẹ̀, ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Kò sí ẹ̀fẹ̀ lójú rẹ̀ rárá.

"Ẹ káàbọ̀," ló wí fún mi.